Bí àlejò bá gbẹ́ kànga tán, ta ni yóò máa tún un ṣe?

Ẹ̀yin ará wa ní Kambolé, ní Tchamba àti ní Sokodé, ọ̀rọ̀ omi ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, àti ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó tó ń wá bá wa gbẹ́ kànga. Volontaire là ń pè wọ́n: wọ́n yọ̀ǹda ara wọn ni, ẹnikẹ́ni kò fi tipá rán wọn. A kì í bú ẹni tó bu omi fún wa mu. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá padà sílé, ta ló ni kànga náà?

Ìbéèrè yìí ti di kánjúkánjú báyìí. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà dá owó ìrànwọ́ tó ń ná sí òkè òkun dúró. Nígbà tó di oṣù keje, USAID, àjọ tó ń ná owó náà, kógbá sílé. Faransé náà ń dín tirẹ̀ kù. Ẹni tó bá ń retí owó àlejò kó tó tún pọ́ǹpù rẹ̀ ṣe, òùngbẹ á pẹ́ lọ́fun rẹ̀.

Mi ò sọ pé iṣẹ́ volontaire kò dára o. Láti ọdún 1962 ni àwọn volontaire Amẹ́ríkà, Corps de la Paix, ti ń wá sí Tógò. Ẹ̀yin àgbà ò sì ní gbàgbé sòbìà. Ẹni tó bá mu omi adágún tí kòkòrò rẹ̀ wà nínú rẹ̀, bó bá tó nǹkan bí ọdún kan, aràn gígùn á máa yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kò ní lè ro oko, ọmọ ò ní lè lọ sílé ìwé. Kò sí oògùn tó ń wò ó, kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ títí di òní. Síbẹ̀, ní ọdún 2011, OMS, àjọ ìlera àgbáyé, jẹ́rìí sí i pé sòbìà ti tán ní Tógò.

Báwo ló ṣe tán? Wọ́n ń fi aṣọ sẹ́ omi kí wọ́n tó mu ún. Wọn ò jẹ́ kí ẹni tí aràn ń yọ lára rẹ̀ ki ẹsẹ̀ bọ adágún. Wọ́n da oògùn sínú adágún, wọ́n gbẹ́ kànga. Corps de la Paix ràn wá lọ́wọ́, àjọ Jimmy Carter náà ràn wá lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ta ló ń lọ láti ilé dé ilé? Ọmọ abúlé fúnra rẹ̀ ni. Àlejò lọ, ìmọ̀ kò bá a lọ.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ pọ́ǹpù. Ní ọdún 2009, àwọn onímọ̀ omi ìgbèríko kó ìṣirò pọ́ǹpù ọlọ́wọ́ jọ láti ogún orílẹ̀-èdè Áfíríkà: nǹkan bí ẹyọ kan nínú mẹ́ta ni kò ṣiṣẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe pé omi tán nílẹ̀. Róòbà ló jẹ, páìpù ló ń jò, tàbí owó tí a dá jọ ni a ò rí mọ́.

Mo rí ọ̀kan bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo lọ wo akẹ́kọ̀ọ́ wa kan tó ń ṣe stage ní abúlé kan. Orúkọ àwọn tó gbé pọ́ǹpù náà wá ṣì hàn gbangba lára ògiri rẹ̀, àmọ́ alángbá ló ń yáàrùn lórí rẹ̀. Odò ni àwọn obìnrin ti ń pọnmi. Ìyá kan sọ fún mi pé: “Tísà, róòbà ni. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe wà ní Sokodé. Ta ni yóò san owó ọkọ̀ rẹ̀?” Ọdún kejì rèé.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà. Láti oṣù kìíní ọdún 2023, owó oṣù tó kéré jù tí òfin Tógò fọwọ́ sí jẹ́ 52,500 fáráǹkì CFA. Ẹ fi í ṣírò owó ọkọ̀ òfurufú ọ̀dọ́ kan tó wá to bíríkì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Oṣù mélòó ni bíríkìlà wa ì bá fi ṣiṣẹ́? Ẹ jẹ́ kí àlejò ṣe ohun tí òun mọ̀ tí àwa ò mọ̀: kó yẹ omi wò, kó kọ́ wa ní àtúnṣe.

Nítorí náà, kí baálẹ̀ tó fọwọ́ síwèé, ẹ bèèrè nǹkan mẹ́rin. Níbo la ti ń ra róòbà àti páìpù rẹ̀, ṣé Sokodé ni àbí Lomé? Àwọn méjì wo nínú abúlé ni wọ́n máa kọ́ ní àtúnṣe, ṣé obìnrin sì wà nínú wọn? Àwọn ló kúkú ń pọnmi. Ta ló ń pa owó mọ́, ìgbà wo ló sì ń ka ìṣirò rẹ̀ sétí gbogbo ìlú? Ṣé mairie mọ̀ sí i? Láti ìgbà tí a ti dìbò ní oṣù kẹfà ọdún 2019, a ní mẹ́rì tí a lè bi léèrè.

Ọwọ́ kan kò gbé igbá dórí, òótọ́ ni. Ọwọ́ àlejò wúlò níbẹ̀, ṣùgbọ́n orí tiwa ni igbá wà. Ẹ̀yin ará Kambolé, ìgbà wo lẹ ka owó pọ́ǹpù yín gbẹ̀yìn?