Kì í ṣe Malòkun, kì í ṣe Ebola: Ẹ̀kọ́ tí ikú Òde-Ìrẹ̀lẹ̀ kọ́ wa

Oṣù kẹrin ọdún 2015 lọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ l'Óde-Ìrẹ̀lẹ̀, nílẹ̀ Ìkálẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Òǹdó. Èèyàn á jí láàárọ̀, á ní orí ń fọ́ òun, á ní ojú òun ń ṣe bàìbàì, nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, òkú ẹ̀ ni wọ́n máa gbé. Bí wọ́n ṣe ń sunkún nílé eléyìí ni wọ́n ń sunkún nílé tọ̀hún. Àwọn tó bá a lọ kò dín ní èèyàn 18.

Ẹnu ò wá sinmi mọ́. Àwọn kan ní Malòkun, òrìṣà ìlú náà, ló ń bínú, wọ́n ní àwọn kan ló wọ ojúbọ ẹ̀ lọ́nà àìtọ́. Àwọn mí-ìn ní Ebola ló padà dé. Ẹ kúkú rántí pé oṣù kẹwàá ọdún 2014, ìyẹn oṣù mẹ́fà péré sígbà náà, ni àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ Ebola. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọn ò rí Ebola, wọn ò rí kòkòrò àrùn kankan. Wọ́n kọ́kọ́ fura sí oògùn apakoríko, kó tó wá hàn pé ògógóró ni, èyí tí májèlé tí wọ́n ń pè ní mẹ́táánọ́ọ̀lù wà nínú ẹ̀.

Mẹ́táánọ́ọ̀lù àti ọtí gidi dà bí ìbejì. Àwọn méjèèjì mọ́ bí omi, àwọn méjèèjì ń pa èèyàn bí ọtí, ahọ́n ò sì lè dá wọn mọ̀. Àmọ́ tí mẹ́táánọ́ọ̀lù bá dénú ẹ̀dọ̀, ó máa di ásíìdì, ojú àti ọpọlọ ló sì máa ń bá jà. Èyí tó burú jù ni pé kì í ṣe lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó mu ún lálẹ́ lè sùn, kó jí, kó ṣì máa ṣeré. Ìgbà tí ojú bá wá ń ṣókùnkùn, ta ló tún máa rántí ife ọtí àná?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Ìrẹ̀lẹ̀ nìkan. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà kan wà tó ń jẹ́ Médecins Sans Frontières, ìlú Paris ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ lọ́dún 1971. Ilé wọn ni wọ́n ń fi sílẹ̀ lọ sílẹ̀ onílẹ̀ láti tọ́jú aláìsàn. Lóṣù kẹta ọdún 2013, irú ọtí yìí pa èèyàn nílùú Tripoli, ní Líbíyà, àwọn dókítà yìí sì wà níbẹ̀. Wọ́n ké sí àwọn onímọ̀ nípa májèlé láti ọsibítù yunifásítì Oslo, ní Norway. Kí lẹ rò pé irú àwọn bẹ́ẹ̀ máa ń dì sínú báàgì? Ìmọ̀ ni ẹrù tó wúwo jù níbẹ̀: bí wọ́n ṣe ń dá aláìsàn náà mọ̀, tó ń mí gúlegúle bí ẹni sáré dé, ẹni tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ dá lóhùn, àti oògùn tí wọ́n máa lò.

Oògùn ọ̀hún á yà yín lẹ́nu. Ọtí gidi ni! Bí dókítà bá fi ọtí tó mọ́ fún aláìsàn ní ìwọ̀n, ẹ̀dọ̀ á gbájú mọ́ ìyẹn, kò ní ráyè sọ májèlé di ásíìdì, ara á sì máa tì í jáde díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ náà ń ṣèrànwọ́. Àmọ́ o, kí ẹnikẹ́ni má lọ bu ògógóró mu nílé pé òun ń wo ara òun. Iṣẹ́ dókítà ni.

Ní Tripoli, aláìsàn 1,066 ni wọ́n kà, 101 kú. Ní Kẹ́ńyà, lóṣù karùn-ún ọdún 2014, 100 kú nínú nǹkan bí 341. Lóṣù keje, 26 kú nínú 126. Àwọn dókítà náà fúnra wọn kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dún 2016 pé àìmọ̀ nípa májèlé yìí ń jẹ́ káwọn tí kò yẹ kó kú máa kú.

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Ẹni tó mu májèlé yìí l'Óde-Ìrẹ̀lẹ̀, láàárín wákàtí 24 ni ọ̀pọ̀ wọn kú. Ọkọ̀ òfuurufú wo ló máa gbé dókítà láti Oslo dé Ìkálẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú? Àwọn onímọ̀ wá l'ọ́dún 2015 lóòótọ́, iṣẹ́ wọn ló jẹ́ ká mọ ohun tó pa wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti lọ ti lọ. Lọ́dún yẹn kan náà, ọtí tún pa èèyàn rẹpẹtẹ ní ìpínlẹ̀ Rivers.

Nọ́ọ̀sì tó wà ní Ìrẹ̀lẹ̀, l'Ájàgbà àti l'Ákótógbó ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ ohun tí dókítà Oslo mọ̀. Kò gba owó rẹpẹtẹ. Ìbéèrè kan ló fi máa bẹ̀rẹ̀: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ mu lánàá? Ta lẹ jọ mu ún?" Kó sì fi pẹ̀lẹ́tù bi wọ́n, torí ẹni tó bá ń bẹ̀rù pé wọ́n máa pe òun ní ọ̀mùtí kò ní sọ òótọ́, ẹni tó ta ọtí á sì ti sá fún ọlọ́pàá.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. A ò ní kí àlejò tó fẹ́ ṣe wá lóore má wá o, ká ṣáà ti máa tọ́jú ara wa kí wọ́n tó dé ni.