Ta Ló Ní Àwọ̀ Mẹ́ta Péré Ni Yorùbá Mọ̀?

     

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lóṣù yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ jìn. Àwọn ọmọ wa tí a bí sí ìlú Bìní ń wí fún ara wọn, àwọn òbí mìíràn sì ń gbè wọ́n lẹ́sẹ̀, pé èdè Yorùbá kò ní ju àwọ̀ mẹ́ta lọ: dúdú, funfun àti pupa. Wọ́n ní bí ó bá ti kan “green”, “purple” tàbí “orange”, àfi kí ènìyàn lọ yá Gẹ̀ẹ́sì lò. Ọmọ tí ó bá sì ti gbà pé èdè baba òun kò kún tó, kò ní pẹ́ tí yóò fi pa á tì. Ìdí nìyí tí a kò fi lè fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré.

Òtítọ́ kan wà níbẹ̀. Mẹ́ta wọ̀nyí ni ìpìlẹ̀. Ní 1969, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Amẹ́ríkà méjì, Brent Berlin àti Paul Kay, tẹ ìwé kan jáde lórí orúkọ àwọ̀ nínú ọ̀pọ̀ èdè ayé. Wọ́n ní èdè tí ó bá ní orúkọ àwọ̀ mẹ́ta ní ìpìlẹ̀, dúdú, funfun àti pupa náà ni yóò jẹ́. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tiwa nìkan, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀.

Ẹ wo bí pupa ti gbòòrò tó. Epo pupa ni à ń wí, ènìyàn pupa ni à ń wí, pupa ẹyin ni à ń wí, bẹ́ẹ̀ àwọ̀ wọn kò dọ́gba. Èso tí ó ti tó jẹ, a ní ó pọ́n. Ojú tí ó ń rí ìyà, a ní ó pọ́n pẹ̀lú. Níbẹ̀ ni a ti rí ìpọ́njú. Bẹ́ẹ̀ náà ni dúdú kò mọ sí ara ìkòkò nìkan. Igbó tí ó kún fún ewé, igbó dúdú ni; aṣọ tí ó mu aró dáadáa, dúdú ni à ń pè é.

Ṣùgbọ́n àwọn baba wa kò dúró síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ tọ́ka sí àwọ̀ kan gan-an, wọ́n a wo ohun tí ó wà nítòsí wọn, wọ́n a sì fi í pè é. Wọ́n wo igi, wọ́n ní àwọ̀ ewé. Wọ́n wo ìdí ààrò, wọ́n ní àwọ̀ eérú. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n ní àwọ̀ ojú ọ̀run. Wọ́n wo ìkòkò aláró, níbi tí a ti ń fi ewé ẹ̀lú ṣe aró, wọ́n ní aró. Èyí tí kò jinlẹ̀ tó o, wọ́n ní àyìnrín. Wọ́n wo igi osùn tí a ń lọ̀ kùnnà láti fi kun ara, wọ́n ní ó pupa bí osùn. Àní àwọn onímọ̀ ewéko pàápàá mú orúkọ wa, wọ́n fi í sínú ìwé: Pterocarpus osun ni wọ́n ń pe ọ̀kan nínú àwọn igi náà títí di òní.

Àwọn èso náà kò gbẹ́yìn. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ “yellow”, àwọ̀ ìyeyè ni kí ó wí. Ìyeyè ni èso kékeré tí ó kan, tí ó ń jábọ́ sílẹ̀ nígbà òjò, tí òórùn rẹ̀ ń gba gbogbo àyíká. “Orange” sì rèé, àwọ̀ omi ọsàn ni.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọsàn yìí. Ọmọ tí ó ń rò pé Gẹ̀ẹ́sì lọ́rọ̀ ju tiwa lọ, ẹ bi í pé kí ni “orange”? Èso ni! Orúkọ èso náà rìn láti ìhà Ìlà-Oòrùn, ó gba ẹnu àwọn Lárúbáwá tí wọ́n ń pè é ní nāranj, ó gba Yúróòpù kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Èso ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n sí. Ó di àwọn ọdún 1500 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí fi í pe àwọ̀. “Purple” ńkọ́? Láti ara ìṣáwùrú òkun kan tí àwọn ará ìgbàanì ń fi ṣe aró ni orúkọ náà ti wá. Ohun tí àwọn baba wọn ṣe náà ni àwọn baba tiwa ṣe. Ta wá ni ọlọ́rọ̀, ta sì ni aláìní?

Ní ti “purple” yìí, ẹyẹ ni Yorùbá wò. Àwọn tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì, èyí tí odidi rẹ̀ jáde ní 1884, kò yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣí Ẹ́kísódù orí 25, níbi tí a ti ka àwọn aṣọ àgọ́ sílẹ̀. Elésè àlùkò ni ẹ óò rí níbẹ̀. Gbogbo wa ni a mọ ìwúre àwọn àgbà tí ó fi aró fún agbe, tí ó fi osùn fún àlùkò, tí ó sì fi ẹfun fún lékeléke. Ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n fi ojú wọn rí ẹyẹ ni. Agbe àti àlùkò wà nínú ìdílé ẹyẹ tí Òyìnbó ń pè ní turaco. Ní 1869, A. H. Church, onímọ̀ kẹ́míkà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé bàbà, irú èyí tí à ń fi rọ nǹkan, wà nínú àwọ̀ pupa tí ó wà ní ìyẹ́ àwọn ẹyẹ ìdílé yìí. Ẹ rí i pé kì í ṣe lásán ni àwọn àgbà fi pè é ní olówó osùn.

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń yan aṣọ ẹbí, ẹyẹ wà lára aṣọ yín pẹ̀lú. Aṣọ òkè tí a ń pè ní ẹtù, orúkọ ẹyẹ ẹtù ni ó ń jẹ́, nítorí pé aró rẹ̀ tí ó dúdú àti ìlà wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ jọ ìyẹ́ ẹyẹ náà. Àlàárì tí ó pupa kò ti ara ẹyẹ wá ní tirẹ̀. Sílíìkì ni wọ́n fi ń hun ún, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá fún sílíìkì, al-ḥarīr, ni ó sì gba ọ̀dọ̀ Haúsá dé ọ̀dọ̀ wa.

Nísinsìnyí, àwa tí à ń gbé àárín àwọn Ẹ̀dó ní àǹfààní kan tí àwọn ará ilé kò ní. Bí a bá rìn dé ọjà Oliha, a óò gbọ́ orúkọ méjì fún ohun kan. Àgbálùmọ̀ ni otien, ìyeyè ni okhikhan. Ọsàn ń jẹ́ alimoi, ọ̀rọ̀ tí ó jọ limão ti àwọn Potogí, tí wọ́n ti dé Bìní láti nǹkan bí 1485. Ẹ wá wo ọ̀pẹ̀yìnbó. Gúúsù Amẹ́ríkà ni èso yìí ti wá. Yorùbá wò ó, ó ní ọ̀pẹ òyìnbó ni. Ẹ̀dó wò ó, ó ní edinebo, èyíinì ni ẹyìn òyìnbó. Gẹ̀ẹ́sì wò ó, ó ní èso igi páìnì ni. Olúkúlùkù fi ohun tí ó mọ̀ nílé pe àlejò. Ẹ sì wo ododo, bí wọ́n ti ń pe aṣọ pupa àwọn ìjòyè ààfin Bìní. Òdòdó náà ni Bíbélì wa pe aṣọ pupa tí ó tẹ̀lé elésè àlùkò. Ẹnu méjì, ọ̀rọ̀ kan.

Odídẹrẹ́ ni a óò fi parí ti ẹyẹ. Okhue ni wọ́n ń pè é níhìn-ín. Ìkóódẹ, ìyẹ́ pupa ìdí rẹ̀ tí ó níyì lọ́dọ̀ wa, ni àwọn Ẹ̀dó ń pè ní ebakhue, ó sì níyì lọ́dọ̀ wọn náà. Àwa tún ń pè é ní àyékòótọ́, nítorí ẹyẹ tí ń tún ohun tí ó gbọ́ sọ yóò sọ òótọ́ tí ayé kọ̀. Ṣùgbọ́n ẹyẹ yìí ń tán lọ. Ní 2016, ní Johannesburg, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú àdéhùn CITES pinnu láti dá òwò odídẹrẹ́ inú igbó dúró láàárín orílẹ̀-èdè kan sí èkejì. Igbó Okomu tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn ìlú yìí, tí Ìjọba Àpapọ̀ sọ di ọgbà ẹranko ní 1999, jẹ́ ọ̀kan nínú ìwọ̀nba igbó ńlá tí ó kù ní sàkání wa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ nìyí. Orúkọ tí a fi ohun kan pè, ohun náà ni ó gbé e ró. Bí ọmọ kò bá rí ìyeyè rí, àwọ̀ ìyeyè kò ní ìtumọ̀ létí rẹ̀. Bí kò bá mọ àlùkò, elésè àlùkò yóò dà bí èdè àjèjì sí i. Kì í ṣe pé Yorùbá kò ní àwọ̀. Àwa ni a kò fi ohun tí ó ni àwọ̀ náà han ọmọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ mú àwọn ọmọ dání lọ sí ọjà. Ẹ ra àgbálùmọ̀ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ ra ìyeyè nígbà òjò, ẹ bi wọ́n ní orúkọ rẹ̀ ní Yorùbá àti ní Ẹ̀dó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ ìyàtọ̀ ọsàn tí à ń mu, ọ̀sán tí oòrùn ń mú, àti ọsán tí a fi ń ta ọfà. Nígbà tí ẹ bá ń yan aṣọ ẹbí, ẹ pe àwọ̀ náà ní orúkọ rẹ̀ kí àwọn ọmọ gbọ́. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti Ọ̀wọ̀, Àkókó, Èkìtì, Ìjẹ̀bú àti ibòmíràn wá, ẹ kọ orúkọ ẹyẹ àti èso bí wọ́n ti ń pè é ní ìlú yín, kí ẹ fi lé akọ̀wé ẹgbẹ́ lọ́wọ́. A óò máa tẹ̀ wọ́n sí abẹ́ ọ̀wọ́ yìí.

Ẹyẹ ilé ni ẹyẹlé. Àwọn àgbà ní bí ó ti ń bá onílé jẹ, tí ó ń bá a mu, bẹ́ẹ̀ ni kò ní sá lọ́jọ́ ìpọ́njú. Kí èdè wa má sá kúrò nílé wa. Ó di oṣù tí ń bọ̀.