Irin Tó Ń Lé Olè, Kó Má Pa Onílé

Kí ẹ tó ka ìwé yìí dópin, ẹ gbé ojú sókè, kí ẹ wo fèrèsé yàrá tí ẹ ń sùn. Bí iná bá dí ẹnu ọ̀nà yín lóru òní, ṣé ẹ lè gba fèrèsé yẹn jáde?

Ní Ṣábẹ níbí, ọ̀pọ̀ wa ti pa fèrèsé onípákó tì. Dígí pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ tí à ń pè ní nakó ni a ń lò. Ó dára, atẹ́gùn ń gba ibẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n olè náà fẹ́ràn rẹ̀. Olè kì í fọ́ ọ. Á tẹ irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó di dígí mú, á yọ dígí lọ́kọ̀ọ̀kan, á tò wọ́n sílẹ̀ jẹ́jẹ́, á sì wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe yọ mẹ́ta lára tèmi, tí wọ́n gbé rédíò mi lọ.

Inú bí mi. Mo pe jórinjórin, mo ní kó fi irin dí gbogbo fèrèsé, kó jó o pọ̀ pinpin. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì ń sùn dáadáa. Lóru ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, àtùpà ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ bídọ́ọ̀nù ẹ̀sáǹsì tí mo gbé sẹ́nu ọ̀nà nítorí alùpùpù mi. Iná gba ẹnu ọ̀nà. Èmi àti àwọn ọmọ sáré sí fèrèsé. Mo fa irin náà, mo tì í, kò mì rárá. Mo ti fi owó ara mi ra ẹ̀wọ̀n! Àwọn aládùúgbò ló fi dígà wó ògiri amọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kí a tó jáde. Bí ó bá jẹ́ pé símẹ́ǹtì ni ògiri náà, ta ni ìbá kọ ọ̀rọ̀ yìí?

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ tèmi nìkan ni. Ní oṣù kẹta ọdún 2001, ní ilé-ìwé Kyanguli ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, iná jó ilé tí àwọn ọmọkùnrin ń sùn sí. Ilẹ̀kùn kan wà ní títì, irin sì wà lójú fèrèsé. Ọmọ 67 ló kú. Nílẹ̀ Benin tiwa, ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ibi tí wọ́n ń kó ẹ̀sáǹsì kpayo sí gbiná ní Sèmè-Kraké, lẹ́bàá ààlà Nàìjíríà. Àwọn tó kú lé ní 30. Kpayo kan náà ni a ń gbé sínú ilé tí a fi irin dí.

Àwọn mìíràn ní ká má lo irin mọ́. Wọ́n ní ká lẹ ọ̀rá tín-ín-rín kan mọ́ ojú dígí láti inú. Òótọ́ ni pé ọ̀rá náà dára fún dígí ńlá tí kò ṣeé yọ. Bí olè bá lu dígí, yóò fọ́, ṣùgbọ́n kò ní já bọ́, nítorí ọ̀rá náà dì í mú. Olè á lù ú títí, ariwo á sì jí ènìyàn. Ṣùgbọ́n kí ni yóò ṣe fún nakó, tí olè ń yọ ní odindi? Ẹ tún rántí pé dígí tí kò jẹ́ kí olè tètè wọlé kò ní jẹ́ kí ẹ̀yin náà tètè jáde.

Nítorí náà, mi ò ní kí ẹ yọ irin yín. Ohun tí mò ń sọ ni pé irin fèrèsé kan ní yàrá kọ̀ọ̀kan tí ènìyàn ń sùn gbọ́dọ̀ ṣeé ṣí láti inú bí ilẹ̀kùn. Ní Amẹ́ríkà, òfin ilé kíkọ́ ní ọ̀pọ̀ ìlú pàṣẹ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ní kí ó ṣeé ṣí láìlo kọ́kọ́rọ́.

Ẹnìkan á ní, "Bí ó bá ṣeé ṣí, olè á ṣí i." Rárá o. Ẹ sọ fún jórinjórin kó fi ìdábùú sí i nínú, kó sì fi páànù irin bo ibẹ̀, kí ọwọ́ ẹni tó wà níta má lè dé e. Ẹlòmíràn á ní kò sówó. Ìdábùú kan àti irin méjì tí a fi ń gbé ilẹ̀kùn kọ́, ṣé ó wọ́n ju ọmọ lọ?

Ẹ ṣe é kí ọyẹ́ tó dé. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i, kí wọ́n sì dán an wò nínú òkùnkùn. Ẹ gbé bídọ́ọ̀nù ẹ̀sáǹsì kúrò nínú ilé. Ẹni tó háyà ilé, kó lọ bá onílé rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Àwọn àgbà ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ilé ọba ni wọ́n wí. Ilé tèmi àti tiyín, bí ó bá jó, eérú ni. Rédíò tí olè gbé lọ, mo ti ra òmíràn. Ọmọ kò sí lọ́jà.