Búrẹ́dì Inú Ẹyin Kì í Ṣe Oúnjẹ Ìtìjú

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnìkan nínú kíláàsì bi wá pé kí la jẹ sùn. A ní búrẹ́dì tí a rì sínú ẹyin tí a wá dín ni. Ó yọ ṣùtì ètè, ó ní, "Oúnjẹ aláìlówó." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn wá, òun ló jẹ́ ká jókòó kọ èyí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì rí mọ ohun tí à ń wí. Àwọn Faransé ní tiwọn. Pain perdu ni wọ́n ń pè é, ìyẹn búrẹ́dì tó ti sọnù, torí búrẹ́dì tó ti le ni wọ́n fi ń ṣe é, pẹ̀lú mílíìkì àti ṣúgà. Ní Brazil, rabanada ni, Kérésìmesì ni wọ́n sì sábà máa ń jẹ ẹ́. Tiwa ò mọ ṣúgà rárá. Àlùbọ́sà tí a gé wẹ́wẹ́, ata gbígbẹ, iyọ̀ àti magí díẹ̀ la ń pò mọ́ ẹyin. Búrẹ́dì Agége tó ti di ọjọ́ kejì ló dára jù. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò rọ̀ jù, á mu ẹyin yó, á já sínú páànù. (Ẹni tó bá ní búrẹ́dì tí wọ́n ti gé tà ló dára jù, àwa àti ẹ̀ máa jà.) Kí òróró gbóná, kó má pọ̀. Tí àlùbọ́sà bá ti ń ta sánsán dé òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn aládùúgbò á bẹ̀rẹ̀ sí í wá yá abẹ́rẹ́ àti òwú lóru.

Ṣùgbọ́n ohun tí a fi ń gbèjà rẹ̀ kọjá adùn. Àwa márùn-ún la wà ní yàrá ní sáà tó kọjá. Ọ̀kan nínú wa máa ń sọ lálaalẹ́ pé òun ń lọ kàwé. A rò pé ó fẹ́ fi fọ́ọ̀sì kíláàsì jáde ni. Àṣé owó ti tán lọ́wọ́ ẹ̀, kò fẹ́ jókòó máa wo ẹnu wa. A fi gàrí lọ̀ ọ́, ó ní òun ti yó. A fún un ní ẹyin sísè, ó kọ̀ ọ́, torí ó mọ̀ pé ẹnìkan ló yọ tiẹ̀ fún òun.

Alẹ́ tí a dín búrẹ́dì yìí ló tó jókòó. Ẹyin mẹ́rin, búrẹ́dì kan, èèyàn márùn-ún. Kò sẹ́ni tó lè tọ́ka sí ẹyin tirẹ̀ mọ́. A ń kó o sórí ọmọrí ìkòkò, a sì ń fọwọ́ mú un bó ṣe ń jáde. Ègé mẹ́ta ló jẹ. A kà á, a ò wí.

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, ọjà ti yí padà; owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ wa láti ilé ò yí padà tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ń fi oúnjẹ yìí ṣe yẹ̀yẹ́, ẹni tébi ń pa ló ń lé jáde nínú yàrá pé kó lọ "kàwé".

Ẹ̀yin àgbà wa tó ti jáde, tí ẹ máa ń béèrè ohun tí ẹ lè ṣe fún wa, ẹ ra kíréètì ẹyin kan fún yàrá kan. Ọgbọ̀n ló wà nínú rẹ̀. Búrẹ́dì ń bẹ lọ́dọ̀ wa, ó kàn ti le díẹ̀ ni.