Ẹ Wo Àgbàdo Yín Kí Ẹ Tó Gbé Pọ́ǹpù

Láti ọdún 2016 tí kòkòrò armyworm ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti fojú hàn lóko àgbàdo ní Nàìjíríà, Benin àti Togo, ọ̀rọ̀ oògùn nìkan ló wà lẹ́nu àwa àgbẹ̀: èwo ló mú jù, èwo ló ti gbówó lórí. Lójú tèmi, yíyẹ oko wò la ṣaláìní, kì í ṣe oògùn.

Lóko mi lọ́nà Ìsẹ́yìn, bí àgbàdo bá ti yọ ewé mẹ́ta, mo ti ń wọ inú poro nìyẹn kí oòrùn tó mú. Ẹ yí ewé náà padà. Ojú kan ni àfòpiná tó ń bí kòkòrò yìí ń yé ẹyin rẹ̀ sí, ó lè tó ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, irun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ a sì bò ó. Ẹ fọwọ́ rún un. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, kò ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ tí yóò fi pa. Àwọn ọmọ rẹ̀ á kọ́kọ́ máa ha ara ewé títí ìmọ́lẹ̀ á fi máa là á kọjá. Àsìkò yẹn gan-an ni oògùn ń ràn wọ́n. Èyí tó bá ti dàgbà, tó fi àmì dúdú mẹ́rin sí igun mẹ́rin nítòsí ìdí, ti rì sínú ọ̀mùnú, ìgbẹ́ rẹ̀ á dí ẹnu ihò pa bíi lẹ́búlẹ́bú pákó. Omi oògùn ò ní kàn án, owó yín ló máa ṣòfò.

Àgbàdo mẹ́wàá ni mo máa ń yẹ̀ wò níbi márùn-ún káàkiri oko. Bí ọgbẹ́ tuntun bá wà lára mẹ́wàá nínú àádọ́ta náà, mo fín in nírọ̀lẹ́, torí òru ni àwọn kòkòrò náà ń jáde jẹun. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, mo gbé pọ́ǹpù sílẹ̀.

Àwọn tó ń fín oògùn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, yálà kòkòrò wà tàbí kò sí, ń bà mí lọ́kàn jẹ́. Agbọ́n tín-ín-tín kan wà, Telenomus remus, tí àwọn onímọ̀ ti rí ní orílẹ̀-èdè Benin. Inú ẹyin àfòpiná náà ló ń yé tirẹ̀ sí, ọmọ rẹ̀ á sì jẹ ẹyin ọ̀hún run. Oògùn tí a ń dà sílẹ̀ lásán ń pa òun náà, ó ń pa èèrà tó ń bá wa kó ọmọ kòkòrò jẹ.

Ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹ tó pín gálọ́ọ̀nù oògùn lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ fún olùkọ́ àgbẹ̀ kan ní alùpùpù àti owó epo, kí ó wá bá wa wọ inú poro ní ọ̀sẹ̀ kejì tí a bá gbin àgbàdo.