Kí A Tó Lanu Béèrè, Ẹ̀rọ Ti Ń Naka Sọ́nà

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì lanu béèrè, tí ẹnì kan ti ń naka sọ́nà fún un ńkọ́? Irú ayé tá a bára wa nínú ẹ̀ lónìí nìyẹn, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ lẹ́tà méjì péré sínú àpótí gbọọrọ tó wà lókè, ibi tá a máa ń kọ àdírẹ́sì sí. Kẹ́ ẹ tó tẹ ìkẹta, ẹ̀rọ ti to nǹkan márùn-ún mẹ́fà sílẹ̀: ṣé ibí lẹ̀ ń lọ ni, àbí ibí? Ẹlòmíràn á ní ìrọ̀rùn dé. Èmi náà wí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ọ̀rọ̀ ìyá kan níbí ní London tó là mí lójú.

Ẹ óò rántí pé lópin ọdún 2024, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń pa káàdì ìgbélùú tí wọ́n ń pè ní BRP tì, wọ́n ń kó gbogbo ẹ̀ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì pe tuntun náà ní eVisa. Ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún náà ni ọjọ́ tó wà lára ọ̀pọ̀ káàdì ọ̀hún pé. Kálukú ní láti ṣí àkáǹtì lọ́dọ̀ ìjọba, ọ̀fẹ́ sì ni, kọ́bọ̀ kan ò gbọdọ̀ jáde lápò ẹni torí ẹ̀. Ìyá tí mò ń sọ yìí, a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni. Ẹ̀rù ń bà á kí wọ́n má lọ dá a dúró ní pápákọ̀ òfurufú tó bá ń ti Nàìjíríà bọ̀. Ló bá dá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó wá ọ̀rọ̀ náà, ohun àkọ́kọ́ tó jáde ló tẹ̀. Ìpolówó ni, ìyá ò mọ̀. Ojú òpó tó gbé e lọ jọ tìjọba bí ìbejì. Wọ́n ní kó san pọ́ùn 65. Ó san án.

Ọ̀sẹ̀ kejì, kò rí nǹkan kan gbà. Ó tún padà sídìí kọ̀ǹpútà. Lọ́tẹ̀ yìí, kò wá nǹkan kan mọ́. Ó tẹ e, ó tẹ v, ó tẹ i. Àpótí òkè yẹn fúnra ẹ̀ ló parí ìyókù. Ìyá tẹ Enter, ibi ìṣáájú náà ló tún bára ẹ̀. Wọ́n ní owó tó san kò tó, kó fi pọ́ùn 40 kún un. Ó tún san án.

Ọmọ ẹ̀ ló pè mí. Nígbà tí mo débẹ̀, èmi náà tẹ lẹ́tà mẹ́ta yẹn, àdírẹ́sì àwọn onígbájúẹ̀ náà ló yọ gbàgà. Ìyá wò mí lójú, ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ náà ti rí i. Kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ ló mú mi lọ. Ṣé kọ̀ǹpútà náà ń purọ́ ni?" Mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Kì í purọ́. Kò mọ òótọ́ yàtọ̀ sí irọ́ ni."

Ìdáhùn yẹn ni mo fẹ́ túmọ̀ lónìí, torí ó kan gbogbo wa. Mi ò ní í dárúkọ búráúsà tó wà lára kọ̀ǹpútà ìyá, nítorí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí èyí tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nínú wọn.

Nígbà kan rí, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni àpótí yìí ń ṣe. Àdírẹ́sì lẹ ó kọ sí i. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wá nǹkan, ibi ọ̀tọ̀ wà fún un. Oṣù Kejìlá ọdún 2004 ni Google kọ́kọ́ gbé ohun tí wọ́n pè ní Google Suggest jáde fún ìdánwò, tó ń báni parí ohun téèyàn fẹ́ wá kó tó kọ ọ́ tán. Nígbà tó di 2008, Firefox 3 jáde lóṣù Kẹfà, àpótí tiẹ̀ ń tú gbogbo ibi tẹ́ ẹ ti lọ rí. Chrome ti Google dé lóṣù Kẹsàn-án, ó sọ ibi àdírẹ́sì àti ibi ìwákiri di ẹyọ kan. Látìgbà náà ni ọ̀nà téèyàn mọ̀ àti ọ̀nà tó ń béèrè ti wọnú ara wọn. Nǹkan mẹ́ta ló wà nínú àbá tí ẹ̀rọ ń to sílẹ̀: ibi tẹ́ ẹ ti lọ rí, ibi tẹ́ ẹ fàmì sí pé kó máa bá yín pa mọ́, àti ohun táwọn ẹlòmíràn ń wá. Kò sí èyí tó jẹ́ ẹ̀rí òótọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ní 2024 ni AI, ọgbọ́n inú ẹ̀rọ táyé ń pariwo ẹ̀ yìí, wá wọnú ètò náà ní ti Chrome. Tẹ́lẹ̀, àwọn ẹnjiníà ló ń fọwọ́ kọ òfin tó ń pinnu èyí tó máa ṣíwájú nínú àwọn àbá yẹn. Àwọn fúnra wọn sọ pé òfin náà kò ṣeé tún ṣe bọ̀rọ̀ mọ́. Láti Chrome 124, wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ lára ìṣesí èèyàn rọ́pò ẹ̀. Àpẹẹrẹ kan tí wọ́n fúnni dùn mọ́ mi: ẹ̀rọ náà ṣàkíyèsí pé téèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ojú òpó kan, tó tún sáré padà sínú àpótí lójú ẹsẹ̀, ibẹ̀ kọ́ ló ń lọ. Ló bá ń fa ibẹ̀ sẹ́yìn nínú àbá rẹ̀. Ọgbọ́n gidi ni.

Ó dáa, ẹ wá fi èyí wo ọ̀rọ̀ ìyá wa. Ẹ̀rọ tó ń fi ìṣesí kọ́gbọ́n, kí ló máa rí kọ́ lára ẹ̀? Ìyá ò sáré jáde. Ó jókòó, ó kọ orúkọ, ó kọ ọjọ́ ìbí, ó kọ nọ́ńbà káàdì, ó pẹ́ níbẹ̀, ó sì tún padà wá. Lójú ẹ̀rọ, ẹni tó débi tó ń lọ nìyẹn. Bí wọ́n bá ṣe ń lù wá ní jìbìtì sí i, bẹ́ẹ̀ ni ibẹ̀ á túbọ̀ máa jọ ilé wa lójú ẹ̀. Mi ò ní AI ló jẹ̀bi o. Àpótí àtijọ́ náà máa rántí ibẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọgbọ́n tuntun yìí kò fi òótọ́ kún un. Ìwà tiwa ló ń kọ́, kò mọ ìwà ẹni tó ń gbà wá lálejò.

Ẹ má sì rò pé àṣìṣe nìkan ló wà níbẹ̀, owó náà wà níbẹ̀. Lóṣù Kẹfà ọdún 2020, wọ́n ká búráúsà Brave mọ́ ibi tó ti ń bá èèyàn parí àdírẹ́sì ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ra owó orí íntánẹ́ẹ̀tì, tó sì ń lẹ àmì tiẹ̀ mọ́ ìdí ẹ̀ kí owó ìmọ̀nà lè wọlé fún un. Ọ̀gá wọn, Brendan Eich, tọrọ àforíjì, wọ́n sì jáwọ́. Firefox náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi àbá tí ilé iṣẹ́ sanwó fún sáàárín àbá tiẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2021. Wọ́n kọ "Sponsored" sí i lára lóòótọ́, ṣùgbọ́n èèyàn mélòó ló ń ka lẹ́tà wẹ́wẹ́?

Ta ló wá ni ẹjọ́? Ilé ẹjọ́ gíga kan ní Jámánì dá a lóṣù Karùn-ún ọdún 2013. Wọ́n ní Google ò lè sọ pé ẹ̀rọ ló sọ ọ́, kì í ṣe òun. Bí wọ́n bá ti fi tó o létí pé àbá kan ń ba ẹnì kan lórúkọ jẹ́, ó gbọ́dọ̀ yọ ọ́. Ìdájọ́ tó dáa ni, àmọ́ ẹni tó bá mọ̀ pé wọ́n ń ṣi òun lọ́nà nìkan ló lè lọ fẹjọ́ sùn. Ìyá wa ò mọ̀.

Kí ni ká wá ṣe? Tí àpótí yín bá ń mú àbá burúkú wá, ẹ fi ọfà ìsàlẹ̀ lọ sórí àbá náà, kẹ́ ẹ má tẹ Enter o. Ẹ tẹ Shift àti Delete pọ̀, ó máa lọ. Lórí Mac, ẹ fi Fn kún un. Àwọn mìíràn ní àmì X ní ìparí ìlà àbá náà, ẹ tẹ ìyẹn. Tó bá tún padà wá, á jẹ́ pé ó wà nínú bookmark yín, ẹ yọ ọ́ níbẹ̀. Tí fóònù àti kọ̀ǹpútà yín bá so pọ̀ sójú àkáǹtì kan náà, ẹ yẹ méjèèjì wò.

Tó bá jẹ́ pé gbogbo àbá ló dojú rú, tí ẹ ò mọ ẹ̀rọ ìwákiri tó ń gbé yín kiri, ẹ wọ Settings, ẹ wo Search engine bóyá ẹnì kan ti pààrọ̀ ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo Extensions, ẹ yọ èyí tẹ́ ẹ ò mọ bó ṣe débẹ̀. Ibẹ̀ làwọn olè máa ń sá pamọ́ sí.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ẹ̀rọ panu mọ́ ńkọ́? Ní Chrome, ẹ wá "Improve search suggestions" nínú Settings, kẹ́ ẹ pa á. Ní Firefox, "Show search suggestions" lẹ máa pa. Ohun tó jẹ́ kí n máa sọ ọ́ ni pé tó bá wà ní títàn, ohun tẹ́ ẹ ń tẹ̀ ti ń lọ sọ́dọ̀ ẹ̀rọ ìwákiri kẹ́ ẹ tó tẹ Enter. Ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ àìsàn tàbí ọ̀rọ̀ ìgbélùú, kó ro ìyẹn dáadáa.

Ní ti ìwé ìjọba, ẹ kọ àdírẹ́sì tán pátá. .gov.uk ni ojú òpó ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń parí sí, aládàáni ò lè rà á. Bí wọ́n bá fi dáàṣì so ó pọ̀, bíi gov-uk, tàbí tí wọ́n tún fi .com sídìí ẹ̀, ẹ sá. Bí owó bá sì ti jáde, ẹ pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì báńkì yín lọ́jọ́ náà gan-an. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Mo ń sọ èyí torí ọ̀rọ̀ náà kò dúró síbi tó wà. Lóṣù Kẹsàn-án 2025, Google kéde pé àwọn ará Amẹ́ríkà á lè bá AI sọ̀rọ̀ látinú àpótí Chrome. Lóṣù Kẹwàá, OpenAI gbé búráúsà Atlas jáde, tí èèyàn lè rán níṣẹ́ kó lọ ṣe é fúnra ẹ̀. Afinimọ̀nà àná ti ń di ẹni tá à ń rán lọ́jà. Bí kò bá mọ ṣọ́ọ̀bù onígbájúẹ̀ yàtọ̀ sí ti olóòótọ́, tá a sì fún un lówó dání, ẹ sọ fún mi ibi tó máa já sí. Àwọn tó ṣe é ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fi ìdí ojú òpó ìjọba múlẹ̀ nínú àpótí náà, kó tó kan ohun táyé ń tẹ̀. Kí àwa náà sì máa kọ́ àwọn òbí wa lẹ́yìn ìsìn, kí wọ́n tó jìn sí kòtò.

Báńkì dá apá kan owó ìyá padà. Nígbà tí mo bi í léèrè bó ṣe ń ṣe báyìí, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mo máa ń jẹ́ kó sọ tiẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà, màá kọ tèmi."