ÌDÁNÁ ILÉ: Adìẹ àti Sùpàgẹ́tì Nínú Ìkòkò Kan

 

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìyá ní Ṣómólú àti Bàrígà ni kì í tètè délé. Òmíràn ń ká ìwé ní ilé ìtẹ̀wé, òmíràn ń tajà létí títì, òmíràn sì ń yan ẹja ní apá Ìlàjẹ lẹ́bàá ọ̀sà. Bí wọ́n bá sì dé, ilé ìdáná kan náà ni gbogbo ayálégbé ń lò, oníkálukú pẹ̀lú sítóòfù tàbí gáàsì olójú kan tirẹ̀. Níbo ni irú ìyá bẹ́ẹ̀ yóò ti rí àyè gbé ìkòkò mẹ́ta kaná, kí ìrun Màgíríbì má sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́?

Àwọn kan a máa sọ pé ọ̀lẹ ni obìnrin tí ó bá fi ìkòkò kan dáná. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Sùpàgẹ́tì tí a sè nínú omi adìẹ dùn ju èyí tí a sè nínú omi lásán lọ. Ẹ tún wò ó: omi sùpàgẹ́tì tí a máa ń dà nù, òun gan-an ni ó ní ohun tí í mú ọbẹ̀ ki. Láti ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí náírà sì já wálẹ̀, kò sí ìyàwó ilé tí kò mọ bí ọjà ti rí. Bí a tilẹ̀ ń ṣe sùpàgẹ́tì ní Nàìjíríà níhìn-ín, òkè òkun ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àlìkámà rẹ̀ ti ń wá. Ohun tí a fi owó rà, kò yẹ kí a dà á sí gọ́tà.

Ohun tí ẹ ó wá fún ènìyàn 5 tàbí 6 nìyí: adìẹ kílò 1, sùpàgẹ́tì ọ̀rá 1 (gíráàmù 500), tàtàṣé 3, tìmáàtì 4, ata rodo 2, àlùbọ́sà 2, kárọ́ọ̀tì 2, òróró ṣíbí ìjẹun 4, tíìmù, kọ́rì, magí àti iyọ̀.

Bí ó bá jẹ́ adìẹ ààyè ni ẹ rà, kí ọ̀bẹ mú, kí a sì fi orúkọ Ọlọ́run dú u. Bí ó bá jẹ́ adìẹ dídì ni, ẹ bèèrè ibi tí a ti pa á. Èyí tí wọ́n ń kó gba ẹnubodè wọlé, ìjọba kò fi àyè gbà á. Ta ni ó sì mọ iye ìgbà tí ó ti yọ́ lójú ọ̀nà? Adìẹ àgbà tí ó ti yé ẹyin tán lè gbà ju wákàtí 1 lọ kí ó tó rọ̀, nítorí náà ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ ìsinmi.

Ẹ gbé adìẹ kaná pẹ̀lú àlùbọ́sà 1, tíìmù, magí, iyọ̀ díẹ̀ àti omi píọ́ wọ́tà 3 (sẹ̀ǹtílítà 50 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan). Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 25, ẹ kó ẹran jáde, kí ẹ sì da omi rẹ̀ sínú abọ́. Ẹ da òróró sínú ìkòkò kan náà, ẹ fi din ẹran náà títí ara rẹ̀ yóò fi pọ́n, kí ẹ kó o kúrò. Ẹ da ata lílọ̀ àti àlùbọ́sà kejì sí òróró yẹn, ẹ dín in títí kíkan rẹ̀ yóò fi lọ, kí ẹ wá bu kọ́rì sí i.

Ẹ da omi adìẹ padà. Bí kò bá tó píọ́ wọ́tà 2 àbọ̀, ẹ fi omi kún un. Ẹ tọ́ iyọ̀ rẹ̀ wò nísinsìnyí. Bí ó bá ti hó, ẹ ṣẹ́ sùpàgẹ́tì sí méjì, ẹ dà á sí i, kí ẹ sì máa rò ó fún ìṣẹ́jú 2 àkọ́kọ́ kí ó má baà lẹ̀ mọ́ra. Ẹ da kárọ́ọ̀tì sí i, ẹ dín iná kù, ẹ dé e. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 10, ẹ kó ẹran lé e lórí, ẹ pa iná, kí ẹ jẹ́ kí ó jókòó fún ìṣẹ́jú 5 ní dídé. Yóò fa omi tí ó kù mu.

Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ọ̀bẹ àti pátákó tí ó kan adìẹ tútù kí ẹ tó fi kan nǹkan mìíràn. Nígbà àwẹ̀, bí kò bá sí iná ẹlẹ́tíríìkì fún fíríìjì, ẹ má ṣe fi oúnjẹ yìí pamọ́ di sààrì. Bí ó bá ti kọjá wákàtí 2 ní ìta, ó lè di àìsàn fún ọmọ.

Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, gba Abú Dharr nímọ̀ràn pé bí ó bá se ọbẹ̀ ẹran, kí ó bu omi kún un, kí ó sì rántí aládùúgbò rẹ̀. Ní ilé tí yàrá ti kọjú sí yàrá, òórùn adìẹ a máa dé gbogbo ojúlé. Bí ẹ bá mọ̀ pé ọmọ yàrá kejì kò tíì jẹun, ẹ fi ìdajì ọ̀rá sùpàgẹ́tì àti píọ́ wọ́tà 1 àti díẹ̀ kún un. Ṣùgbọ́n kí omi náà wọlé kí sùpàgẹ́tì tó wọlé. Bí ó bá dẹ̀yìn, yóò di ẹ̀kọ.

Kí Ọlọ́run fi ìbùkún sí oúnjẹ wa. Àmín.